Ajá Tó Ń Ṣínu Lẹ́ẹ̀mẹrin

Bàbá mi kò fẹ́ràn ajá. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn, a sì gbà wọ́n gbọ́. Ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ní kéú ní àdúgbò wa ní Ìwó, ẹni tó bá sì ti kọ́ ọmọ ní kéú fún ogójì ọdún, òfin ló máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, àní bó bá ń kí ènìyàn káàárọ̀. Nígbà tí ọ̀yà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbágùúdá wa tán lóko ọ̀nà Kuta, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun fẹ́ ra ajá tí yóò máa ṣọ́ oko, Bàbá ní kí a fún àwọn ní ọjọ́ méjì. Wọ́n ṣí ìwé wọn wò. Wọ́n wá jáde sí wa pé ẹ̀sìn gba ajá oko láyè, ṣùgbọ́n kí a jókòó, kí a gbọ́ òfin.

Ajá ò gbọdọ̀ wọ inú ilé. Ẹ̀yìnkùlé ni yóò máa sùn. Abọ́ tirẹ̀ ni yóò máa jẹ, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ẹnìkan ò sì gbọdọ̀ bu nǹkan fún un nínú oúnjẹ ènìyàn. Ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá kàn, ẹ̀ẹ̀meje ni yóò fọ ibẹ̀, yóò fi erùpẹ̀ fọ ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀.

"Ajá tó bá yó kì í ṣọ́ oko," ni wọ́n fi pa á dé.

Ilé wa ò lérò mọ́ nígbà náà. Ìyá wa ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ó ku Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó rẹ̀, àti èmi tí mò ń rán aṣọ ní yàrá iwájú. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pe ẹ̀gbọ́n mi ní "wọ́n" bí mo ṣe ń ròyìn rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀ Bàbá. Kó fi orí jì mí.

Ajá náà pupa rúsúrúsú, etí kan dúró, etí kejì ń sùn. Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á gbé e jókòó sórí táǹkì ọ̀kadà níwájú ara rẹ̀, wọ́n á gba ọ̀nà Kuta lọ. Ajá á na ọrùn, á máa wo ọ̀tún wo òsì, débi pé àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà máa ń kí i kí wọ́n tó kí ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá sì dé oko, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀yà tó bá yọ imú nínú koríko, á lé e dé odò. Lóṣù mẹ́ta, gbágùúdá wa gbérí padà.

Ìgbà kan wà tí ọ̀yà kan fi eyín ya á lẹ́sẹ̀. A pe dókítà ẹranko kan láti Olúpọ̀nnà, obìnrin tí kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, òun ló kọ́ wa ní ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀. Ó ní kí a fi omi iyọ̀ fọ ojú egbò. Ó ní kí a kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ di ajá lẹ́nu kí a tó fọwọ́ kàn án, nítorí ìrora ò mọ olówó rẹ̀. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ mọ́ inú ikùn, kí a má fún un ní ohunkóhun, kí a pe òun. A ní a ti gbọ́.

Ni ààwẹ̀ Rámádánì dé, nínú ooru tó ń yọ́ ọṣẹ nínú àwo rẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, iná ò jó ní ilé ìdáná. Ajá á ti oko dé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, á máa wò wá bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ààwẹ̀ láìbi í léèrè. Òótọ́ ni pé ó ní ẹ̀bà àti orí ẹja tirẹ̀ lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ajá náà! Ẹ wo ojú náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gbàgbé pé ẹ̀ ń tẹ̀lé òfin kankan.

Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ gan-an ni mo rú òfin. Mo gbé abọ́ mi wọ yàrá ní ìṣínu, mo sọ fún Bàbá pé aṣọ ọdún pọ̀ nílẹ̀ tí mo fẹ́ rán. Fèrèsé mi kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Mo súfèé díẹ̀, ajá dé, mo ju mọ́ínmọ́ín kan sí i. Ó gbé e mì láìtiẹ̀ jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ara mi yá gágá. Mo ní kò burú, ẹni tó bọ́ ẹranko nínú oṣù ọ̀wọ̀, láádá ńlá ni. Láti ọjọ́ náà, èmi àti ajá di ọ̀rẹ́ ìkọ̀kọ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ajá náà lọ́rẹ̀ẹ́ mìíràn. Ìyàwó wa náà kì í bá wa jókòó, ó ní òun ń ṣọ́ ọbẹ̀ kó má jóná. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń lọ gbọ́ ìròyìn lórí rédíò níwájú ilé. Bàbá á kàn sọ pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," wọ́n á gbé àwo dàbínù wọn àti kẹ́tù omi lọ síbi òkúta ìjókòó ẹ̀yìnkùlé, ibi tí àwọn àti ìyá wa ti máa ń ṣínu.

Nígbà tí ààwẹ̀ fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, ajá ti sanra. Kì í ṣe sísanra tí a lè fi ẹnu bò. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè yí ọwọ́ ọ̀kadà mọ́, nítorí ìdí ajá ti gba gbogbo ibi tí ọwọ́ ń gbà. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà dúró wò wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ọmọ aàfáà, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹran iléyá ni?" Lóko, ajá á wá ibi òjìji, á sùn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀yà tó ń jẹ gbágùúdá lẹ́yìn ajá, tó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, tí ajá ń hanrun.

"Ooru ni," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ nílé. "Ooru ni o," ni ìyàwó rẹ̀ gbè é. Èmi náà ní ooru ni. Bàbá tẹjú mọ́ ìwé wọn.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ààwẹ̀, ajá kò dìde. Ẹ̀gbọ́n mi fọn fèrè ọ̀kadà, kò mira. Nígbà tó di ọ̀sán, ó bì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹ̀yìn rẹ̀ gbun, ó ń lóṣòó, ó ń tiraka, nǹkan kan ò jáde. Ó wá wó lulẹ̀ lẹ́bàá kànga, ó ń mí gúlegúle, ikùn rẹ̀ le bíi pákó. Mo ti ń pè é ní ajá oko, ajá oko, láti ọjọ́ yìí, àṣé mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Májèlé!" ni ìyàwó wa pariwo. "Wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ!"

Ní ilé wa, bí a bá ti gbọ́ májèlé, epo pupa ni. Ẹnikẹ́ni ò rántí dókítà. Ìyàwó wa sáré gbé kẹ́ẹ̀gì epo jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ló máa ya ẹnu ajá. Ṣùgbọ́n nítorí itọ́ àti ẹ̀ẹ̀meje, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́kọ́ wọ ọ̀rá dúdú sọ́wọ́, a so ó lọ́rùn ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ jí oyin kó. Mo rántí pé kí a di ajá lẹ́nu. Ìyàwó wa já aṣọ funfun kan lórí okùn, ó dì í. Nígbà tí a di ẹnu rẹ̀ tán la wá rí i pé a ò lè rọ epo sínú ẹnu tí a ti dì. A tú u. Ẹ̀gbọ́n mi rọ epo. Ajá gbọn orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Epo dé ojú mi, ó dé ògiri, ó dé irùngbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rá ọwọ́ wa ń yọ̀, ajá ń yọ̀, kò sí ẹni tó lè di ohunkóhun mú mọ́.

Ibẹ̀ ni Bàbá bá wa.

"Láwàní ta nìyẹn?" ni wọ́n bèèrè.

A wo aṣọ funfun náà. Kò funfun mọ́. Láwàní tí Bàbá máa ń wé lọ kírun Jímọ́ọ̀ ni. Mo ti ń wá ibi tí mo máa sá gbà, ṣùgbọ́n Bàbá ò tún wo láwàní náà mọ́. Ajá ni wọ́n ń wò. Ojú wọn ti yí padà.

"Ẹ pe dókítà yẹn," wọ́n ní. "Kíá!"

Dókítà gun ọ̀kadà rẹ̀ láti Olúpọ̀nnà, ó dé lẹ́yìn ìrun Alaásàrì, hìjáàbù rẹ̀ kún fún eruku. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ẹ kú ààwẹ̀ o." Ó yíjú sí ajá, ó yíjú sí wa. "Ta ló fún un lépo?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí epo ń kán lágbọ̀n wa gbójú sókè, à ń wo ojú ọ̀run.

"Epo kì í wo májèlé," ó ní. "Ó lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó pa á kí ohun tó ń ṣe é tó pa á. Ṣé mi ò sọ fún yín ni?"

"Ẹ sọ fún wa, mà," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó gbọ́ àyà ajá, ó gún un lábẹ́rẹ́ apàrora, ó fa omi sí abẹ́ awọ rẹ̀ nítorí pé omi ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó wá fi ìka tẹ ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró. Ó tún tẹ ibẹ̀.

"Nǹkan líle wà níbí, lápá ìsàlẹ̀ ìfun. Kì í ṣe ọ̀kan. Ó pọ̀, ó ń yí gbiri lábẹ́ ìka mi. Kí ló jẹ?"

"Ẹ̀bà àti orí ẹja!" Gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ kéú.

Ó jókòó lórí gìgísẹ̀ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bó bá jẹ́ egungun ló wà nínú rẹ̀, mi ò gbọdọ̀ tì í, yóò gún ìfun, ajá á kú sí mi lọ́wọ́. Òṣogbo la máa gbé e lọ kí wọ́n la ikùn rẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá yóò débẹ̀ láàyè. Bí kì í bá ṣe egungun, mo lè fi omi fọ̀ ọ́ jáde níbí báyìí. Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá purọ́ fún mi, ẹ̀yin lẹ pa á."

Bàbá dúró lẹ́yìn wa, a sì ń bẹ̀rù wọn ju bí a ṣe ń bẹ̀rù Ọlọ́run lọ, kí Ọlọ́run má bínú.

Ìyàwó wa ló kọ́kọ́ wó. Ó kúnlẹ̀ gbì. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Mo máa ń fún un ní àkàrà."

"Mélòó?" ni dókítà bèèrè.

"Méjì." Ó yọ́jú wo Bàbá. "Mẹ́rin. Ó máa ń wò mí ni!"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Súyà ni tèmi," ó ní. "Kò ní egungun. Mi ò sì fi igi rẹ̀ sí i."

Mo jẹ́wọ́ mọ́ínmọ́ín.

"Pẹ̀lú ewé rẹ̀?"

"Rárá o! Mo máa ń bó o." Ẹ má bi mí léèrè ohun tó mú mi máa fi yangàn.

"Ajá yìí ń ṣínu ju èmi lọ," ni dókítà sọ. "Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó le nínú gbogbo rẹ̀. Ta ló tún kù?"

A wo ara wa. Kò sí ẹni tó kù. Bàbá ò tilẹ̀ wọ inú ìṣirò wa.

Bàbá wúkọ́.

"Dàbínù ni," wọ́n ní.

"Dàbínù wo, sà?"

"Tèmi. Mo máa ń fún un ní mẹ́ta."

"Lójoojúmọ́?"

"Sunna ni. A kì í fi méjì ṣínu."

Dókítà rọra bèèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ máa ń yọ kóró rẹ̀ kí ẹ tó fún un?"

Bàbá wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò mọ́gbọ́n dání. "Èmi máa ń tu tèmi," wọ́n ní. "Mo rò pé ó ń wò mí."

Dókítà yí ojú sí kànga. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì tìtì. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi ìka ṣírò mẹ́ta lọ́nà méjìdínlógún, ó sì ti ṣìnà. Nígbà tí dókítà padà kọjú sí wa, ó ti mú ojú le. Ó ní kóró dàbínù ń yọ̀, kò rí bí egungun, bí a bá ní sùúrù, yóò jáde. Ó ní ẹnìkan ní láti di orí ajá mú kó má baà yíjú bu òun jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ọn. Ajá kùn mọ́ ọn: ẹni tó rọ epo nìyẹn. Ìyàwó wa sún mọ́ ọn. Ó tún kùn: ẹni tó di ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Èmi ò tíì rìn dé ibẹ̀ tó ti fi eyín hàn mí. Mọ́ínmọ́ín tí mò ń fún un, àfi bí ẹni pé n kò fún un rí.

"Ó ku Bàbá," ni dókítà wí.

"Èmi? Mo ti ṣe àlùwàlá Màgàríbì!"

"Ẹ ó tún un ṣe, sà. Omi ń bẹ nínú kànga."

Bàbá wo ajá. Wọ́n ká agbádá wọn sókè, wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú epo àti erùpẹ̀. Ajá gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé itan wọn kí wọ́n tó pè é, bí ẹni tó mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá di orí rẹ̀ mú, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra etí tó máa ń sùn yẹn. Ajá ò kùn. Dókítà ti rọ́bà bọ ibi tó yẹ kó tì í bọ̀, ó ń rọra rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó fi òróró oògùn sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè pa á mọ́ra. Láti kékeré ni Bàbá ti ń fi òfin nà án. "Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣòfin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká má fún un ní nǹkan kan."

"Èmi ni," ni Bàbá dáhùn. Wọn ò gbójú sókè. "Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, mo ṣe bísímílà, mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, n kò rí ẹnìkan. Ìyá yín ti lọ. Ẹ̀yin ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ ń ṣọ́ ọbẹ̀, ẹ̀ ń gbọ́ ìròyìn. Òun ló wá jókòó tì mí. Ṣé kí n wá máa dá jẹ ni, níṣojú ẹni tó bá mi jókòó?"

Ojú tì mí débi pé ó dùn mí. Fún ọjọ́ méjìdínlógún ni mo ti ń ṣe àánú ajá lójú fèrèsé, baba tó bí mi sì ń ṣínu lẹ́yìn ògiri kan náà, òun nìkan.

Ìpè ìrun Màgàríbì dún láti mọ́sálásí. Ààwẹ̀ já, kò sì sí ẹni tó lè jẹun. Ọwọ́ dókítà wà níbi tí a ò gbọdọ̀ sọ. Ọwọ́ Bàbá kún fún itọ́ ajá. Mo bu omi, mo gbé ife náà sí dókítà lẹ́nu bí ẹni tó ń fún ọmọ lómi. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọwọ́, ó gbé àwo dàbínù Bàbá. Ó mú ẹyọ kan, ó là á, ó yọ kóró rẹ̀, ó lóṣòó síwájú Bàbá. "Ẹ ya ẹnu, sà," ó ní. Bàbá ya ẹnu. Wọ́n ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú wọn, wọn ò sì rí ọwọ́ nù ún. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún fún wọn.

Àárín ẹyọ kejì àti ẹyọ kẹta ni ajá kérora, tí kóró bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tí ó ń ró nínú àwo ike tí dókítà gbé síbẹ̀. Òórùn rẹ̀ lé ìyàwó wa dé iwájú ilé. Bàbá ní "Alihamudulilahi" pẹ̀lú dàbínù lẹ́nu. Bí alẹ́ ṣe ń lẹ́, ajá gbé orí, ó lá omi, ó sì lá imú Bàbá. Bàbá ò tiẹ̀ ya orí. Dókítà ní kí a máa fún un ní ẹ̀kọ mímu tí kò nípọn fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, láti ọwọ́ ẹnìkan péré. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń sọ "ẹnìkan péré" yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìrun kù díẹ̀, mo gbé abọ́ mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀, ó ti tẹ́ ẹní. Ìyàwó rẹ̀ gbé odindi ìkòkò ọbẹ̀ wá, ó ní bó bá fẹ́ jóná kó jóná síbí. Ajá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀kọ rẹ̀, inú ń bí i sí ẹ̀kọ náà. Bàbá wò wá, wọ́n pín dàbínù fún wa ní mẹ́ta mẹ́ta. A ṣínu.

Nígbà tí a jẹ ẹ́ tán, Bàbá na àtẹ́lẹwọ́ wọn. "Ẹ kó kóró yín wá. Ẹnìkan ò gbọdọ̀ ju kóró sílẹ̀ nílé yìí mọ́."

A kó o fún wọn. Wọ́n da tiwọn mọ́ ọn, wọ́n kà á sókè, ó jẹ́ méjìlá. Wọ́n tún un kà, ó jẹ́ méjìlá. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́, ó fi bo ọwọ́ wọn.

"Bàbá, méjìlá ni," ó ní. "Gbogbo wa la wà níbí."